Àwọn Tí Kò Lékè Omi

Nílé wa, bí wọ́n bá ń ṣàdúrà fún ọmọ,
wọ́n á ní: ojúoró ní í lékè omi,
òṣíbàtà ní í lékè odò,
o ó lékè, o ó lékè, o ó lékè.
Mo ṣàmín, mo ṣàmín títí mo fi dé Nọ́fọ́ọ̀kì.

Òru ni mo fi ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn arúgbó ní Stalham.
Bàbá Thirtle, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, kì í sùn.
Á ní kí n ká aṣọ fèrèsé,
kí òun lè máa wo ibi tí adágún Kessing wà nínú òkùnkùn.
"Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ," ó ní,
"kọ́bọ̀ kan já bọ́ lọ́wọ́ mi látinú ọkọ̀ ojú omi.
Mo rí i bó ṣe balẹ̀ sáàárín koríko.
Mo rí orí ọba lára rẹ̀."
Mi ò gbà á gbọ́.
Adágún tí mo mọ̀ dà bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó ti kan.

Mo lọ bi àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀.
Philippa Gedge, tó wọ bàtà rọ́bà dé itan,
na réèkì àti okùn sí mi kó tó dáhùn.
Ó ní: omi ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú, ajílẹ̀ oko, ọṣẹ ìfọṣọ,
gbogbo rẹ̀ ṣàn wá síbí, ó bọ́ èéhù omi yó,
èéhù bo oòrùn lójú,
koríko ìsàlẹ̀ kú sínú òkùnkùn.
Kò sí ariwo. Kò sẹ́ni tó sọkún wọn.
Bí ilé bá sì dahoro tán, àlejò burúkú ní í gbà á:
ẹja búríìmù ń fẹnu tú ẹrẹ̀ kiri
bí ẹni ń wá owó tó sọnù.

Wọ́n ti dí ọ̀nà tí ìdọ̀tí ń gbà wọlé. Wọ́n ti kó ẹja kúrò.
Wọ́n ti fa ẹrẹ̀ jáde, ọkọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀.
Omi ò tòrò.
Omi ò lọ́wọ́ tí yóò fi di ara rẹ̀ mú.
Ta ni yóò fi gbòǹgbò tẹ ẹrẹ̀ mọ́lẹ̀
nígbà tí atẹ́gùn Òkun Àríwá bá dé?
Ta ni yóò gba kòkòrò tíntìntín, tí kò tó orí abẹ́rẹ́, sílé lọ́sàn-án,
kí ẹja má bàa jẹ wọ́n tán,
kí wọ́n lè jáde lóru wá jẹ èéhù?
Iṣẹ́ òru. Mo mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún kìn-ín-ní, mo ju réèkì nígbà ogójì.
Ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀. Agolo bíà. Ẹrẹ̀.
Lọ́dún kejì, a rí ewé mẹ́ta;
ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn jẹ ẹ́ kí Jímọ̀ tó dé.
A fi wáyà sọgbà sínú omi,
bí ẹni sọgbà yí ẹ̀gẹ́ ká nítorí ewúrẹ́.
Nínú oṣù kẹjọ, omi tún padà di ọbẹ̀.
Philippa sunkún, ó ní atẹ́gùn ló kó sí òun lójú.

Lọ́dún kẹta, réèkì wúwo.
Ohun tó bá a gòkè le, ó ń họ mí lọ́wọ́ bíi pé wọ́n fi ẹfun pa á,
ó ń rùn bí áyù.
Irúgbìn rẹ̀ ti sùn sábẹ́ ẹrẹ̀ láti ìgbà èwe Thirtle,
ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń retí.
A so àwo funfun-òun-dúdú mọ́ okùn, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀:
à ń wò ó, à ń wò ó,
ó balẹ̀,
a ṣì ń wò ó.

Mo gbé díẹ̀ sínú ìgò jáàmù, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́.
Bàbá ṣí ìdérí, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú sí ògiri.
"Ó ṣì ń rùn," ló wí.
Ó di ìgò náà mú títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ̀yin àgbà ilé wa, ẹ má bínú.
Bí mo bá bímọ, ẹ ó ṣàdúrà yín, n ó ṣàmín.
Lẹ́yìn náà, n ó rọra fi tèmi sí i létí:
ọmọ mi, bí o ò bá lékè,
di ẹrẹ̀ mú.